Mo fẹ́ kí ara C10 mi jọ̀lọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn: ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ C10

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 kan, ti 1972, Fleetside ni, ìyẹn èyí tí ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́jú bá kábíìnì mu. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa, ṣáàsí ẹ̀ dáa, mo ti ń wà á tipẹ́. Ara ẹ̀ ló kù. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n yọ gbogbo nǹkan tó ń dí ojú lọ́wọ́ kúrò, orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fẹ́ńdà, irin dídán tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, háńdù ìlẹ̀kùn méjèèjì, ìdérí epo, àwọn iná kéékèèké ẹ̀gbẹ́, gọ́tà òjò tó wà lókè ìlẹ̀kùn, àwọn ihò onígun mẹ́rin tó wà létí àpótí ẹ̀yìn, kí n wá dí àlàfo àárín kábíìnì àti àpótí ẹ̀yìn pa kó dà bíi pé ẹyọ páànù kan ṣoṣo ni.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ o, ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Lọ́jọ́ Sátidé mo jó ihò mẹ́fà tí orúkọ ara fẹ́ńdà fi sílẹ̀ pa, mo fi gíráńdà lọ̀ ọ́, ó wù mí, àfi ìgbà tó tutù tán tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tó ń ró kó! kó! bí ìdí agolo. Ó wọnú, ó tún jáde. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Èkejì, ìlà ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó gbéra láti fẹ́ńdà iwájú, kó gba ara ìlẹ̀kùn, kó lọ dé iná ẹ̀yìn, ó ti kú pátápátá. Ẹni tó tún un ṣe kó tó dọ́wọ́ mi fi fílà, nǹkan bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀, bò ó mọ́lẹ̀, ti ìlẹ̀kùn sì fi bíi mílímítà 5 wálẹ̀ ju ti fẹ́ńdà lọ. Mo ní MIG (ẹ̀rọ ìjórin tó ń lo wáyà), gíráńdà, hámà méjì, dọ́lì kan (irin kíki tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn páànù bí wọ́n bá ń lù ú). Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti mú un?

Ajórin Àgbà

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Fẹ́ńdà yẹn ò tíì bàjẹ́, má tíì lọ wá òmíràn.

Jẹ́ kó yé ẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ torí tí kò bá yé ẹ wàá tún un ṣe lára ìlẹ̀kùn. Irin tó bá yọ́ tó wá ń tutù, ńṣe ló máa ń sún kì. Gbogbo ibi tí o jó ti sún kì, ó ń fa páànù tó yí i ká mọ́ra, páànù yẹn ò wá ríbi lọ, ló bá wú. Ibi tó wú yẹn kọ́ ni àìsàn wà, ojú ibi tí o jó gan-an ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn gbé hámà, wọ́n á máa lu ibi tó wú, á wá burú sí i, torí lílù máa ń na irin ni, ibi tó wú ò sì nílò nínà, ibi tó sún kì ló nílò ẹ̀.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Lọ orí wẹ́ẹ̀dì yẹn, ojú ibi tí o jó, wálẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó kù díẹ̀ kó bá páànù dọ́gba ni kí o dúró. Gbé dọ́lì sẹ́yìn ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí o wá fi hámà lu iwájú ẹ̀, kí hámà àti dọ́lì pàdé pẹ̀lú páànù láàárín wọn, tí wọ́n bá pàdé dáadáa etí ẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ìró ẹ̀ máa ń mọ́ gaara. Lù ú pẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Tún lù ú, tún tẹ̀ ẹ́. Kó-kó yẹn á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Má kánjú, tí o bá nà án jù, ooru la tún máa fi sún un kì padà, iṣẹ́ yẹn sì le fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn ihò tó kù: wáyà MIG ẹ kó jẹ́ mílímítà 0.6, gáàsì kó jẹ́ argon 75 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó kù carbon dioxide. Páànù ọkọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà kan lọ ní nínípọn, wáyà tó tóbi á da ooru tó pọ̀ jù sí i. Ihò bóòtì kékeré, má gé páànù bọ̀ ọ́, gbé kọ́pà pẹlẹbẹ sẹ́yìn ẹ̀, kọ́pà ò ní lẹ̀ mọ́ wẹ́ẹ̀dì, ó sì máa ń gba ooru sára. Jó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pàù, fi í sílẹ̀, bọ́ sí èyí tó jìnnà sí i jù. O ò gbọdọ̀ padà sí ti àkọ́kọ́ àfi tí o bá lè gbé ọwọ́ lásán lé e láì jó ẹ. Ihò mẹ́fà yẹn, ó dá mi lójú pé o ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí wọn. Ó yẹ kó gbà tó wákàtí kan.

Ihò ńlá bíi ti háńdù, gé páànù tó nípọn bákan náà, yí igun ẹ̀ kó rí róbótó torí igun ṣóńṣó ni ooru máa ń kójọ sí, jẹ́ kó bọ́ sínú ihò náà ṣẹ́kú, àlàfo tó yí i ká ò gbọdọ̀ tó mílímítà kan. Wá máa jó o ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń di nọ́ọ̀tì táyà: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, sinmi. Má gbé páànù lé orí páànù láéláé. Omi á dúró sáàárín wọn, ibẹ̀ á dógùn-ún, bí kò bá tiẹ̀ dógùn-ún, ọjọ́ tí oòrùn bá mú wàá rí àwòrán páànù yẹn lábẹ́ ọ̀dà torí ibi tó nípọn méjì àti ibi tó jẹ́ ẹyọ kan kì í wú bákan náà.

Wẹ́dà Kékeré

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi máa ń fi ákísà tútù pa ooru ẹ̀ kíá kó má bàa rìn jìnnà, ṣé ìyẹn ò dáa ni?

Ajórin Àgbà

Àwọn kan ń ṣe é, mi ò ní bá wọn jà. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ torí bó ṣe ń tutù lójijì ló ń sún kì lójijì, páànù á sì fà. Kí èèyàn kàn ní sùúrù. Jó ibì kan níwájú, lọ jó ibì kan lẹ́yìn, iṣẹ́ ò ní dúró.

Ìlà Títọ́

Kí o tó fi ọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, wá mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, fi aṣọ wé e, kí o fi rìn gbogbo ara ọkọ̀ yẹn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, fílà ni. Fi mákà yí gbogbo ẹ̀ ká. Ẹni tó fi fílà pa ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ́ ti fi nǹkan mìíràn pamọ́ sábẹ́ ẹ̀, mo lè búra.

Ọmọ C10

Mo ti ṣe é ọ̀gá, ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn ọ̀tún àti igun ìsàlẹ̀ kábíìnì lẹ́yìn, kò lẹ̀ rárá. Mo họ ọ́, fílà ibẹ̀ nípọn ju ìka mi lọ. Inú ẹ̀ ti jẹ tán, ihò wà níbẹ̀.

Ìlà Títọ́

Igun kábíìnì, ibi tí gbogbo C10 ti máa ń jẹ nìyẹn, omi àti ẹrẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀, wọn ò ríbi jáde. Gé e kúrò títí o fi máa kan irin funfun, jó tuntun sí i, kí o rí i pé ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ là, lẹ́yìn ọ̀dà kí o fín wáàsì inú ihò sí i kó má dógùn-ún mọ́. Tí wọ́n bá ní kí o gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi yanrìn fẹ́ ọ̀dà kúrò, ṣáàsí nìkan ni kí o gbé lọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlẹ̀kùn, òrùlé, ohunkóhun tó fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ, yanrìn á tẹ̀ ẹ́, kò sì ní tọ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Èmi rí i tó ṣẹlẹ̀ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lù ú, kò padà tọ́. Lo kẹ́míkà tó ń hó ọ̀dà, tàbí dísìkì tó rọra ń họ.

Afínkùn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ìlà, torí ibẹ̀ ni ìfẹ́ mi wà, mo sì rí i pé gbogbo yín ń sọ ti yíyọ nǹkan kúrò.

Àbúrò mi, nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Háńdù, irin dídán, orúkọ, iná ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn ni ibi tí ojú ti ń sinmi. Tí ojú bá sinmi síbẹ̀, kò ní rí i pé páànù tó yí i ká rí jágajàga. Gbogbo ohun tí o bá yọ, páànù tó kù gbọ́dọ̀ tọ́ ju bó ṣe tọ́ tẹ́lẹ̀ lọ, kódà ju bó ṣe tọ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é lọ. Ìlẹ̀kùn tí kò ní háńdù tí kò sì ní irin dídán, ìlà ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló kù tí ojú máa tẹ̀lé. Tó bá fi mílímítà kan yẹ̀, gbogbo ayé á rí i. Nítorí náà ìlà ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, kí o tó gé háńdù.

Ìlà ò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí fílà, híńjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Mílímítà 5 tí ìlẹ̀kùn fi wálẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ fi fílà gbé e sókè ni kò fi hàn. Ṣí ìlẹ̀kùn dé ìdajì, di òpin ẹ̀ mú, gbé e sókè. Tó bá gbéra kí híńjì tó mì, píìnì àti búṣì híńjì ti jẹ. Pààrọ̀ wọn kí o tó ṣe ohunkóhun. Wo rọ́bà tí kábíìnì jókòó lé lórí ṣáàsí, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti tẹ́, kábíìnì á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá sì máa bá ìlẹ̀kùn jà láìmọ̀ pé ìlẹ̀kùn ò ṣẹ̀ ẹ́. Fi rọ́bà tó yí ojú ìlẹ̀kùn ká sí i nígbà tí o bá ń ṣètò àlàfo, torí ó máa ń ti ìlẹ̀kùn síta. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí táyà ara ẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣáàsí tó wà lórí jáàkì ń tẹ̀, tí o bá tò ó síbẹ̀ tó dọ́gba, ọjọ́ tí o bá sọ ọ́ kalẹ̀ gbogbo àlàfo á yí padà.

Nígbà tí ó bá ti dọ́gba, de gbogbo ẹ̀ mọ́ra, fẹ́ńdà, ìlẹ̀kùn, àpótí ẹ̀yìn, kí o wá fa tépù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn lórí ibi tó yẹ kí ìlà gbà. Má fi rúlà fà á. Di òpin ẹ̀ mú, jẹ́ kó fa ara ẹ̀ nà, jẹ́ kó balẹ̀. Rìn sẹ́yìn bíi mítà mẹ́wàá. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ síwájú ọkọ̀, di ojú kan, wò ó bí ẹni ń wo ọfà. Ibi tó bá ti rọ̀ tàbí tó ti yọ ọrùn, wàá rí i. Mo máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ojú mi lè tún ríran sí i.

Ọ̀nà tí mo fi ń mú kí ìlà mú: fi epoxy pírámà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) bo irin tí o ti fi sáńpépà 80 họ. Po fílà, hádínà (ohun tó ń mú un gbẹ) 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìwọ̀n kílò. Tó bá pọ̀ jù, ihò abẹ́rẹ́ á kún inú ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ sì lè yọ lára ọ̀dà níkẹyìn, tó bá kéré jù kò ní gbẹ dáadáa. Rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó bí o bá ń pò ó, má rò ó bí ẹni ń ro nǹkan nínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ ló ń di ihò. Lẹ tépù mọ́ etí ìlà lápá òkè, fi fílà sí apá ìsàlẹ̀, fi pátákó gígùn tí o lẹ sáńpépà mọ́ yọ́ ọ, kó jọ̀lọ̀, títí dé ẹnu tépù. Ká tépù, lẹ ẹ́ mọ́ apá ìsàlẹ̀ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, wá ṣe apá òkè, yọ́ ọ wá pàdé ẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ìlà nìyẹn, ó máa mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Níkẹyìn fi sáńpépà 320 pa ẹnu ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré, torí ọ̀dà kì í dúró lórí ẹnu tó mú jù, ó máa ń fà kúrò níbẹ̀, wàá wá yọ́ ọ kan irin lọ́jọ́ tí o bá ń dán an.

Pátákó yẹn gbọ́dọ̀ gùn, ó kéré tán ìdajì ìlẹ̀kùn. Fa á ní dídábùú, láti òkè ọ̀tún sí ìsàlẹ̀ òsì, kí o tún yí i padà, má fà á lọ fà á bọ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Fín ọ̀dà dúdú lẹ́rẹ́-lẹ́rẹ́ sórí ẹ̀ kí o tó yọ́ ọ: ibi tí dúdú bá kù, ibẹ̀ ló wọnú. Ibi tí irin bá ti yọ kí dúdú ibòmíràn tó lọ, ibẹ̀ ló ga, dúró, gbé hámà, rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé. Má fi fílà gbé gbogbo ìlẹ̀kùn ga nítorí ẹ̀. Fílà tó bá ti ju mílímítà 3 lọ, padà sídìí irin, irin ni kò tíì tọ́.

Ọmọ C10

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé òjé làwọn àgbà ń lò, pé fílà ò dáa, ṣé òótọ́ ni?

Ajórin Àgbà

Òjé dáa. Nílé iṣẹ́ gan-an òjé ni wọ́n fi ń dí ojú ibi tí páànù méjì ti pàdé láyé ìgbà yẹn, o lè bá a níbi tí òpó kábíìnì bá òrùlé pàdé. Èyí tí wọ́n máa ń lò jù ni òjé 70, tánńganran 30. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 183 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n kò ní di omi tán títí yóò fi kọjá 250, láàárín ìyẹn ó rọ̀ bí amọ̀, igi tí wọ́n fi epo pa ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ẹwà ni. Àmọ́ májèlé ni òjé, o ò gbọdọ̀ fi gíráńdà lọ̀ ọ́ tàbí kí o fi ẹ̀rọ oní-sáńpépà họ ọ́, fáìlì nìkan ni, ásíìdì tí wọ́n fi fọ ojú irin kí òjé lè lẹ̀ mọ́ ọn sì gbọ́dọ̀ fọ̀ tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà á wú níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, fílà tó dáa lórí irin tó tọ́ ti tó. Fílà kì í ṣe ọ̀tá, fílà tó nípọn bí ìka ni ọ̀tá.

Àǹtí Aláwọ̀ Ewé

Mo fẹ́ sọ ti háńdù torí mo ti yọ tèmi, mo sì ń gbádùn ẹ̀. Solenoid, mágínẹ́ẹ̀tì oníná tó ń fa ìkọ́ ìlẹ̀kùn, ló ń ṣí i, bọ́tìnnì kékeré kan ló ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ fa okùn wáyà kan láti ara ìkọ́ ìlẹ̀kùn gba abẹ́ ọkọ̀, ibi tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Mo ṣe tèmi, mo rò pé mi ò ní lò ó láé, oṣù kejì bátìrì kú lójijì nígbà tí ìlẹ̀kùn méjèèjì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú. Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo fa okùn, ó ṣí. Háńdù inú, mi ò fọwọ́ kàn án rárá, ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà, torí tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí iná sì já, ẹni tó wà nínú gbọ́dọ̀ lè jáde. Ẹ tún rántí pé ẹni tó wà níta tó fẹ́ gbà yín là ò ní rí ibi dì mú. Ìyẹn ló mú kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá bá mi wọ ọkọ̀ yẹn bí okùn ṣe wà.

Ìlà Títọ́

Ọmọ C10, táǹkì epo ńkọ́? Ṣó o ti yọ ọ́?

Ọmọ C10

Rárá o, ó ṣì wà lẹ́yìn ìjókòó.

Ìlà Títọ́

Dúró! Má tan MIG mọ́. C10 láti 1967 dé 1972, inú kábíìnì ni táǹkì wọn wà, ẹ̀yìn ìjókòó gan-an, ìdí nìyẹn tí ẹnu epo fi wà lára igun kábíìnì. Igun kábíìnì tó jẹ yẹn, o máa gbé iná sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́. Yọ ọ́, gbé e jìnnà réré sí ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Má sì sọ pé ó ti ṣófo, táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ torí òórùn epo tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀ ló ń bú gbàmù. Bó o bá ti ń yọ ọ́ náà, o kúkú lè gbé òmíràn sábẹ́ àpótí ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ihò ẹnu epo yẹn á wá di ohun tó o lè dí pa láìsí ìyọnu. Yọ bátìrì pẹ̀lú.

Ọmọ C10

Ọlọ́run mi ò. Ọ̀gá, ẹ ṣé. Mo ń lọ yọ ọ́ báyìí.

Afínkùn

Àlàfo àárín kábíìnì àti àpótí ẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni ò tíì dá a lóhùn. Àbúrò, mo bẹ̀ ẹ́, má dí i. Ṣáàsí píkọ́ọ̀pù máa ń lọ́ bí ọkọ̀ bá gun kòtò, kábíìnì á yí sí ibì kan, àpótí á yí sí ibòmíràn, ìdí tí wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn. Fílà tàbí wẹ́ẹ̀dì tí o bá fi so wọ́n máa là, ká má tíì sọ ti ìlẹ̀kùn tí kò ní fẹ́ tì mọ́. Ford dán irú ẹ̀ wò, ní 1961 wọ́n gbé F-100 kan jáde tí kábíìnì àti àpótí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ó lẹ́wà gan-an, èmi fẹ́ràn ojú ẹ̀ títí dòní. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà sí ti ìyàsọ́tọ̀, nígbà tó fi máa di 1964 ó ti tán. Ilé iṣẹ́ tó ní gbogbo irinṣẹ́ ayé nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo lo ń wá, wo ohun tí Chevrolet ṣe ní 1955 sí èyí tí wọ́n pè ní Cameo Carrier. Ṣáájú ìgbà yẹn, fẹ́ńdà ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù máa ń yọ síta lára àpótí bí èjìká. Wọ́n fi páànù fibreglass bo ẹ̀gbẹ́ àpótí kó lè bá kábíìnì dọ́gba. Àlàfo ò kúrò, àmọ́ ìlà kan náà ló gba orí ẹ̀ kọjá, ojú kì í tiẹ̀ dúró níbẹ̀. Fleetside tìẹ, inú ìran yẹn ló ti wá, 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé orúkọ yẹn jáde. Jẹ́ kí àlàfo tìẹ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí etí méjèèjì rí bákan náà, kí ìlà ẹ̀gbẹ́ fò ó kọjá láì gbọn. Ó máa dà bí ẹyọ kan lójú ẹni tó bá ń wò ó.

Wẹ́dà Kékeré

Gọ́tà òjò ńkọ́? Èmi wo òrùlé tí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ó wù mí.

Ajórin Àgbà

Ó wu èmi náà, mo sì kọ̀ ọ́ fún ara mi. Gọ́tà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni páànù òrùlé àti ti inú ti pàdé, sípọ́ọ̀tì wẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n jó ní kókó-kókó, ló so wọ́n. Bí o bá gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òrùlé á ṣí lọ. Ẹni tó bá máa ṣe é, kó gé bíi ìnṣì kan, kó jó o pa, kó fò sí apá kejì, kó gé ìnṣì kan níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ òjò tó bá ṣílẹ̀kùn, omi orí òrùlé á dà sí itan ẹ.

Àǹtí Aláwọ̀ Ewé

Èmi yọ tèmi ọ̀gá, mi ò kábàámọ̀, mo kàn máa ń dúró kí omi dá kí n tó jáde. Àmọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn, ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin ni.

Ìlà Títọ́

Iná ẹ̀gbẹ́: ní Amẹ́ríkà, láti 1968 ni òfin ti ní kí ọkọ̀ tuntun ní iná tàbí gíláàsì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tó fi máa di 1970 ó ti di méjèèjì. Tìẹ ti 1972 ní wọn látilẹ̀. Bi òfin ibi tí o wà kí o tó dí wọn pa. Mo máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n rì wọ́n wọnú páànù dípò kí wọ́n yọ wọ́n, kí ojú iná àti ojú irin dọ́gba, ó tiẹ̀ dáa ju ihò tí wọ́n dí lọ lójú tèmi.

Afínkùn

Kí n tó gbàgbé, ìmú yín. Hádínà inú ọ̀dà 2K (èyí tí wọ́n ń po mọ́ hádínà) àti pírámà 2K sábà máa ń ní isocyanate nínú, kẹ́míkà tí kò ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún ẹ, ó sì lè fún ẹ ní ikọ́ fée (asthma) tí kò ní lọ mọ́. Ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ wá láti ìta ni kí o lò, tàbí kí o gbé e fún ẹni tó ní ibi ìfínkùn gidi. Má sì fi omi ìfọ-bíréèkì nu irin kí o tó jó o, irú èyí tó ní chlorine nínú máa ń di gáàsì tó ń pa èèyàn bí iná bá kàn án. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé, fi sáńpépà àti omi họ ọ́ kí eruku má fò.

Ọmọ C10

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Táǹkì ti jáde, ó wà níta. Mo lu fẹ́ńdà yẹn bí Ajórin Àgbà ṣe ní, mo lò tó wákàtí méjì, mo rò pé kò ní gbọ́, àfi ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò ró mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ bíi ìgbà ogún torí mi ò gbà á gbọ́. Mo ti pààrọ̀ píìnì híńjì, ìlẹ̀kùn òsì gòkè bíi mílímítà 4 fúnra ẹ̀, mi ò tíì fi fílà kankan sí i! Mo ti gbà láti fi gọ́tà òjò sílẹ̀, àlàfo ẹ̀yìn náà mo fi sílẹ̀. Háńdù, ó di ìgbà tí ìlà bá tọ́. Mo ti fa tépù, mo gbé ìjókòó síwájú ẹ̀, mo ń wò ó.

Ìbéèrè kan ló kù. Lábẹ́ ìlà yẹn páànù rọ̀ wọnú díẹ̀ bí ikùn ṣíbí, pátákó gígùn ò wọ ibẹ̀, etí ẹ̀ nìkan ló ń kàn án. Kí ni mo máa fi yọ́ ọ?

Afínkùn

Inú mi dùn jọjọ sí híńjì yẹn! Wá páìpù rọ́bà, ti omi rédíétọ̀, èyí tí yíyí ẹ̀ fẹ́ bá ikùn yẹn mu àmọ́ tó kéré sí i díẹ̀. Wé sáńpépà mọ́ ọn, 80 lákọ̀ọ́kọ́, 180 lẹ́yìn ẹ̀. Gé e gùn tó apá ẹ, má fi ìka tì í láàárín, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni kí o fi gbé e, fa á ní dídábùú bíi ti pátákó. Lẹ tépù mọ́ orí ìlà kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí páìpù má bàa jẹ ẹnu ẹ̀. Tí o bá ti fín dúdú sí i, ya fọ́tò ẹ̀ wá kí o tó yọ́ ọ, láti ìsàlẹ̀ ni kí o ti yà á, kí iná wà lẹ́yìn ẹ.